Ẹ Ka Ìbò Wọn Kí Ẹ Tó Di Ẹrù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gba Tánkè ní Ìlọrin kọjá láàárọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú fáìlì lábíyá, mo mọ ohun tó wà nínú fáìlì náà, nítorí àwọn ọmọ tèmi náà ti tú u sílẹ̀ lójú mi rí: pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, èsì àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ìwé báńkì tó ń jẹ́rìí pé owó kan wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Èmi àti ẹ̀yin la jọ mọ̀ pé òmíràn nínú owó yẹn, yíyá ni wọ́n yá a, ó sì ti sùn nínú àkáǹtì ẹlòmíràn kó tó dé tiyín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Mi ò wá sọ pé kí ẹ má lọ. Àgbà tó bá ń sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ní Ìlọrin pé kó jókòó sílé, kó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò máa ṣe hàn án. Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Ẹ mọ gbogbo ìwé tí ẹ́ńbásì ń béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ ohun tó ń mú kí ẹ́ńbásì pààrọ̀ ohun tó ń béèrè láàárín òru ọjọ́ kan. Ìdìbò ni. Ilẹ̀kùn tí ẹ ń kàn yìí, àwọn olùdìbò ibẹ̀ ló ń ṣí i, àwọn náà ló ń tì í. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò láyé ìsinsìnyí, kó kọ́ bí a ṣe ń ka ìbò ilẹ̀ onílẹ̀ kó tó di ẹrù.

A kò ní kọ́ ará Ìlọrin ní àjò. Àlejò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ ìlú yìí di ìlú. Ìran Àfọ̀njá ti Ọ̀yọ́ wá. Shehu Àlímì, Fúlàní, wá láti òkè. Ṣọlágbérù kó àwọn Mùsùlùmí Yorùbá jọ sí Òkè Súnà. Hausa, Kànúrí, Núpé, Bàrìbá, gbogbo wọn ló ní agboolé láàárín wa títí di òní. Balógun mẹ́rin tó wà ní ìlú wa, Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbí àti Aláànámù, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ wọn ti gbọ́ ìtàn bí a ṣe kó ara wa jọ.

Kí bàbá mi tó gbọ́njú ni àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Èjìgbò ti ń gba ilẹ̀ Dahomey àti Tógò kọjá lọ sí Gold Coast, tó di Gánà lẹ́yìn náà. Aṣọ òfì wà lára ẹrù tí wọ́n rù. Wọ́n dé Àkírà, wọ́n dé Kùmásì, wọ́n gòkè lọ sí Tamale. Nígbà tí Gánà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1960, àwọn Yorùbá ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, bí wọn ò tiẹ̀ lé. Òyìnbó onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Jeremy Eades, kọ odindi ìwé tó jáde ní 1993 lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà àti bí ìjọba ṣe bá wọn lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé nípa ètò ìlú ní Unilorin tàbí ní yunifásítì Màlété, ẹ wá ìwé náà kà. Ìtàn àwọn bàbá ńlá yín ni, àlejò ló wá kọ ọ́ fún wa.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, Gánà dìbò. Ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Busia ló wọlé. Ẹ má rò pé òpè ni ọkùnrin yìí. Oxford ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìmọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé láwùjọ gan-an ló sì kọ́. Ṣùgbọ́n ó bá gbèsè nílẹ̀, iṣẹ́ kò sí fún ọ̀dọ́, ọjà sì wọ́n. Àwọn tó dìbò fún un ń wo ojú rẹ̀, àlejò ló sì pọ̀ nídìí àtẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ìjọba rẹ̀ kéde pé àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa bọ̀ nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti ń tajà ní Kùmásì láti ìgbà ogun Hitler, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi èdè Twi lálàá!

Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan sọ̀ kalẹ̀ lójú wa ní Pàkátà pẹ̀lú maṣíìnì ìránṣọ, agbada ìdáná, àti owó sídì tó wé sínú ìró, tí kò sí báńkì tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà kú sínú àpótí. Nígbà tó yá, àwa ọmọdé ni a ń fi í ṣe eré ọjà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá délẹ̀, àdúgbò sì ń pè wọ́n ní ọmọ Gánà, àwọn tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ìyá yìí ní ìwé ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìwé ilẹ̀, ó ní ìwé owó orí. Ìwé ìgbélùú nìkan ni kò ní, nítorí láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Òfin tó ní kí àlejò gba ìwé ti wà ní Gánà láti 1963. Kì í ṣe Busia ló kọ ọ́. Ó wà nínú ìwé, ó ń sùn, ìjọba ń wò ó, àlejò ń wò ó, kò sẹ́ni tó yà sí i. Ìbò ló wá jí i. Ìwé tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ yín lónìí ni ẹ ó lọ gbà lónìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò béèrè.

Ṣé lílé tí wọ́n lé wa wá tún Gánà ṣe? Rárá. Ní 1970 wọ́n tún ṣe òfin tó fi òwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Oko kòkó kò rí alágbàṣe. Ọjà kò yọ̀. Ní oṣù kìíní 1972, sójà gba ìjọba.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ìwà Gánà nìkan nìyẹn, kó dúró gbọ́ tiwa. Nígbà tí owó epo wọlé dé, àwọn ọmọ Gánà náà ṣí wá síbí. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní àwọn sẹ́kọ́ńdìrì wa nígbà náà, ọmọ Gánà pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ́. Láti 1981 owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ìdìbò ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1983. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé àwọn àlejò tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ló tún padà wá.

Ààlà Gánà pẹ̀lú Tógò wà ní títì nígbà náà, ìjọba Rawlings ní Gánà ló tì í. Nítorí èyí, orílẹ̀-èdè Benin tún ti ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú wa kí èrò má bàa há sí wọn lọ́rùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá há sójú ọ̀nà, wọ́n ń sùn sórí ẹrù, títí Gánà fi ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní. Àwọn tó jáde lápapọ̀, àwọn onímọ̀ fojú bù ú sí bíi mílíọ̀nù méjì, ọmọ Gánà sì tó ìdajì wọn. Àpò Ghana Must Go tí ẹ fi ń kó ẹrù lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ.

Shagari wọlé ìbò ní oṣù kẹjọ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, sójà ti lé òun náà. Mi ò sọ pé lílé àlejò ló gba ìjọba lọ́wọ́ òun tàbí Busia. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò gba ìkankan nínú wọn sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì bàa sọ pé mo ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìdìbò, ìjọba ológun tí kò wá ìbò ẹnikẹ́ni náà tún lé àwọn àlejò jáde ní 1985.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Ìlú Ọba, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì Tánkè ń lọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n dìbò níbẹ̀ bóyá kí àwọn dúró nínú àjọ EU tàbí kí àwọn jáde. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n jáde, ìdá 48 ní kí wọ́n dúró. Ọ̀pọ̀ tó ní kí wọ́n jáde, ohun tó ń ká wọn lára ni pé ará Poland àti ará Romania ń wọlé wá ṣiṣẹ́ láìgba físà, nítorí àdéhùn EU fún wọn ní ẹ̀tọ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ kí àlejò dín kù. Ìjọba jáde nínú EU ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020. Láti oṣù kìíní 2021, wọ́n gbé ètò tuntun jáde tó fi ará Yúróòpù àti ará Nàìjíríà sórí ìlà kan náà. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ lè dúró fún ọdún méjì láti ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejì 2022, nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ tọ́jú àwọn arúgbó wọn mọ́, wọ́n ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú.

Ṣé ẹ rí i? Ìbò tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ará Poland ló ṣí i fún ọmọ Ìlọrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó lọ láàárín 2021 sí 2023, tí wọ́n gbé ìyàwó àti ọmọ lọ́wọ́, tí a ṣe àdúà fún ní mọ́ṣáláṣí tí a sì ní Ọlọ́run ló ṣe é, Ọlọ́run ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ Lincolnshire tí wọn kò gbọ́ orúkọ Ìlọrin rí ló di ìbò tó ṣínà fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká máa ka ìbò. Kì í ṣe ohun tí àwọn olùdìbò fẹ́ nìkan la ó wò. Ohun tí ìbò wọn bí ni ká wò.

Kò pẹ́ tí èyí tó ṣí fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ọ́fíìsì ìṣirò wọn gbé iye jáde pé ní ọdún kan tó parí ní oṣù kẹfà 2023, àwọn tó wọlé fi ohun tó ju 900,000 lọ pọ̀ ju àwọn tó jáde. Ìbò tí wọ́n di pé kí àlejò dín kù, tó wá sọ wọ́n di púpọ̀! Ariwo ta. Ìdìbò gbogbogbòò sì ti ń bọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ìwádìí ìjìnlẹ̀ kò lè mú aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta, olùtọ́jú náà kò lè mú wọn lọ. Ní oṣù kẹrin, owó oṣù tí ẹni tó fẹ́ físà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún fò láti £26,200 sí £38,700. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ Labour wọlé. Àwọn kan níbí ń jó, wọ́n ní ẹgbẹ́ aláàánú ti dé. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Reform ti Nigel Farage, tí ọ̀rọ̀ àlejò jẹ́ orin lẹ́nu wọn, gba ìjókòó rẹpẹtẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà, Keir Starmer, olórí ìjọba Labour, gbé ìwé ètò tuntun jáde láti dín àlejò kù. Ọjọ́ mọ́kànlá péré. Mi ò sọ pé ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìbò náà ní ọjọ́ kejì kò ní yà á lẹ́nu. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje, wọ́n ti físà olùtọ́jú mọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun, owó oṣù sì tún gòkè sí £41,700.

Ìyá kan ní Adétà ta ilẹ̀ pọ́lọ́ọ̀tì kan ní Ẹ̀yẹnkọrin kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè lọ ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú yìí. Ìwé ìjọba ti sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù karùn-ún pé físà náà ń lọ sópin. Oṣù kẹfà ni àgẹ́ńtì gba owó ìyá náà. Ọmọ náà gboyè, ó ní fóònù tó gbé gbogbo ayé wá sọ́wọ́, ó mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù tí Arsenal ń fẹ́ rà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó ka ìròyìn ìdìbò. Ilẹ̀ ti lọ, ọmọ ṣì wà ní Adétà.

Ẹ má sì fi orúkọ tan ara yín jẹ. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí a bí ní London tó sì dàgbà ní Èkó, ló di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá 2024. Ní oṣù kejì 2025, ó dábàá pé kí ọdún tí àlejò yóò fi dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú títí ayé di mẹ́wàá dípò márùn-ún. Ó ní ẹ̀tọ́ sí èrò rẹ̀, àwọn tó dìbò fún un ló sì ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe fún wa. Ẹni tó bá ń retí pé kí ó ṣílẹ̀kùn torí pé ó gbọ́ Yorùbá kò tíì mọ ohun tí òṣèlú jẹ́.

Amẹ́ríkà kò yàtọ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2020, ọjọ́ tí Ìlú Ọba jáde nínú EU gan-an, ni Donald Trump fọwọ́ sí ìwé tó dá físà ìgbélùú dúró fún ọmọ Nàìjíríà. Ọjọ́ tí Joe Biden gorí oyè, 20 oṣù kìíní 2021, ló fagi lé e. Trump padà wá, ní oṣù keje 2025 físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún wa sì di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kéré. Ní Ìlú Ọba, ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ní físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kì í ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ti ilé aṣòfin náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Ní 2016, nígbà tí wọ́n ń dìbò lórí EU, ará Poland àti ará Faransé tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún kò lè di ìbò náà. Ọmọ Ìlọrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ lè dì í. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ kò ní ohùn, àwa tí a ní ohùn sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò.

Àwọn ọmọ mi kan yóò ní, bàbá, kí ló dé tí ẹ ò mẹ́nu ba ECOWAS, níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ kò gba físà? Òótọ́ ni. Gowon tiwa àti Eyadéma ti Tógò ló ṣáájú dídá a sílẹ̀, ní Èkó, ní 1975. Ìwé tó ní kí ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà, 1979 la ti fọwọ́ sí i ní Dakar. Àdéhùn Schengen tí Yúróòpù fi ń ṣe fáàrí, 1985 ni wọ́n tó fọwọ́ sí tiwọn. Àwa la ṣíwájú wọn nídìí kí ènìyàn ré ààlà kọjá láìgba físà. Ẹ wá lọ gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Badagry lónìí kí ẹ ka okùn tí wọ́n ta sójú títì. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba wa ti ààlà ilẹ̀ pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejìlá 2020. Àwọn ará Chikanda ní Bàrùtẹ́n, tí ẹbí wọn wà lódì kejì, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Gánà ní òfin 2013 kan tó fi ìtajà inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, wọ́n sì ti fi ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọmọ wa lórí. Ní oṣù keje 2025, àwọn kan jáde ní Àkírà pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá, níbi tó jẹ́ pé sójà ló ń ṣèjọba, tí olùdìbò kankan kò sì sọ̀rọ̀. ECOWAS ní òun ṣì ń bọ̀wọ̀ fún pásípọ́ọ̀tù wọn. Àwọn tí ọmọ wọn ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Islam ní Say mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìlú Ọba ń ka àwọn tó wọlé àti àwọn tó jáde, wọ́n sì ń gbé iye náà jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwa ńkọ́? Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Ó ní Kwara jẹ́ 2,365,353. Láti ìgbà yẹn, ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti tó lọ gba pásípọ́ọ̀tù. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi iye ọmọ tó ti Ìlọrin lọ láti 2021, iye tó padà, iye owó tó wọlé, àti ẹni tó ń gbé ìyá àgbà lọ sí ọsibítù. A ní ìwé ètò ìjọba lórí ìṣíkiri láti 2015. A ní ilé ìwádìí NISER ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adérántí Adépọ̀jù ti kọ̀wé lórí ìṣíkiri ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ìwádìí tó ń wáyé lónìí, owó Yúróòpù ló ń ti í lẹ́yìn, pàápàá láti ìgbà tí àwọn olórí wọn àti tiwa pàdé ní Valletta lórí ọ̀rọ̀ ìṣíkiri ní oṣù kọkànlá 2015.

Ẹni tó sanwó ló ń yan ìbéèrè. Ìbéèrè tiwọn ni pé, báwo ni a ó ṣe mú kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà? Nítorí ìbéèrè yẹn ni Niger fi ṣe òfin ní 2015 tó sọ awakọ̀ tó ń kó àwọn aṣíkiri gba Agadez di ọ̀daràn, òfin tí àwọn sójà fagi lé ní oṣù kọkànlá 2023. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Dípò kí ẹ máa da iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ṣáájú yín kọ, ẹ lọ sí gárèèjì Máràbà, ẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ lọ sí ilé àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun, kí ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò ka ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kà á, bó bá sì ṣe wù ú ni yóò kà á.

Kí a sì tó bú Farage, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ara wa. Ọmọ tí a bí ní Ṣáńgó, tó lọ sí iléèwé ní Ṣáńgó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò tàbí Tiv, ẹ bá a lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kó lọ béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe wò ó. Ní Èkó ní oṣù kẹta 2023, wọ́n dá àwọn kan padà ní ibùdó ìdìbò nítorí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Ìgbò. Ọmọ Yorùbá ló ṣe é, ojú tì mí. Ohun tí Busia ṣe sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò yàtọ̀ sí i. Títóbi ló fi jù ú.

Ìbò tilé wá ńkọ́? Ní 2019, ariwo "Ó tó gẹ́" gba gbogbo Kwara, ilé tí ìṣèlú ìpínlẹ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì pàdánù rẹ̀ lójú wa. Bóyá ẹ fẹ́ ẹ tàbí ẹ kò fẹ́ ẹ, bóyá ohun tó tẹ̀ lé e tẹ́ yín lọ́rùn tàbí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rí i pé ìbò lè ṣe nǹkan níbí. Ní 2023, ó ju mílíọ̀nù 93 lọ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó jáde dìbò. Ẹni tó bá sì ti bọ́ sókè òkun, ìbò rẹ̀ ti pin, nítorí ìwé òfin 1999, ní abala 77, sọ pé ẹni tó ń gbé Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀ ni yóò forúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, àbá pé kí àwọn ará òkè òkun lè máa dìbò dé iwájú ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, méjèèjì ló dà á nù. Wọ́n ń fẹ́ owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, wọn kò fẹ́ ìbò yín.

Nítorí náà, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín fún 2027, ẹ bi í lójú gbogbo ènìyàn ohun tó máa ṣe sí abala 77 yẹn, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín ní ọ́fíìsì INEC. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Leeds, Manchester àti Peckham, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀, pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tí ẹ gbé ti ilé lọ ni wọn yóò sì gbà lọ́wọ́ yín fún ìdánimọ̀ ní ibùdó ìdìbò.